Òkè Tí À Ń Fi Owó Gùn

Nílé, ẹni tí ẹ bá rí tó ń gun òkè, ó ní ohun tó ń wá lọ. Àdúrà ló fẹ́ gbà, tàbí kí oko rẹ̀ wà lódìkejì, tàbí kí ogun máa lé e bọ̀. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí nígbà tí ogun fọ́n wọn ká, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó sí ní 1830. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí àpáta tiwọn fún ìran mélòó kan, wọ́n kọ́ ààfin síbẹ̀, nítorí ọ̀tá tó bá fẹ́ bá wọn jà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun àpáta, kó sì tó dé òkè, mímí ni yóò máa mí, kò ní ráyè yọ idà. Ìtàn wo ni ẹ ti gbọ́ rí pé ọba kan jí láàárọ̀ Sátidé, tó sọ fún olorì pé kí àwọn lọ gun òkè, kí àwọn wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí àwọn sì tún sọ̀ kalẹ̀ wá sílé?

Ẹnu ọkọ mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ irú rẹ̀.

Ọmọ Iléṣà ni. Iléṣà kò jìnnà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpele méje. Gbogbo ọdún tó fi gbé Iléṣà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló débẹ̀, àwọn tíṣà ló sì kó wọn lọ. Màmá rẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tó padà délé, kò ròyìn omi fún ẹnikẹ́ni, ráìsì tí wọ́n pín nínú bọ́ọ̀sì ló ń ròyìn. Ọkùnrin yìí kan náà ló dé Manchester tán, tó wá mọ orúkọ àti gíga àwọn òkè Ìlú Ọba lórí.

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti kó o ràn án. Láàárọ̀ Mọ́ńdè níbí, kí ẹnikẹ́ni tó tan kọ̀ǹpútà, wọ́n á bi yín léèrè ohun tí ẹ fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe. Ìkíni ni, ìdánwò sì ni. Ọ̀kan á ní òun gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú kan dé ìlú kejì. Òmíràn á ní òun lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún, nínú oṣù Kejì ọdún, tí omi ń di yìnyín. Nígbà tó kan ọkọ mi, ó ní òun fọ aṣọ, òun sùn, òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ó dára, ó dára gan-an ni. Ohùn ìbánikẹ́dùn ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ìjẹ̀ṣà kì í sì gbà kí wọ́n káàánú òun. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tó fi jí mi. "Àbẹ̀kẹ́, dìde. Ọ̀dọ̀ Kinder Scout là ń lọ." Mo ti ojú oorun bi í léèrè pé ṣé ìsọmọlórúkọ ni àbí ìgbéyàwó, àti pé aṣọ ẹbí ńkọ́?

Kí òkè tó gba èèyàn láàyè níbí, ṣọ́ọ̀bù ló máa kọ́kọ́ gbà á. Nílé, bàtà tí ẹ fi ń lọ sóko náà lẹ máa fi gun òkè, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ wọ bàtà. Níhìn-ín, bàtà wà lọ́tọ̀, ìbọ̀sẹ̀ wà lọ́tọ̀, irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra àgùntàn fúnra rẹ̀. Ṣòkòtò wà lọ́tọ̀, ó ní síípù lórúnkún. Tí oòrùn bá yọ, ẹ fa síípù, ìsàlẹ̀ á bọ́ dànù, ẹ di ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kóòtù òjò tiẹ̀ wà tí wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí òógùn jáde, tí kì í jẹ́ kí òjò wọlé. Mo bi ọmọ tó ń tajà bóyá wọ́n ní èyí tó tóbi, kí n fi kan òrùlé láńlọ́ọ̀dù wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì tó fúyẹ́, tó ṣe é ká pọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọkọ mi gbé wọn wọlé ni màmá rẹ̀ pè wá lórí WhatsApp. Ó fẹ́ yangàn, ó bá dìde, ó ń rìn yí pálọ̀ ká pẹ̀lú ọ̀pá méjèèjì. Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìyàwó mi, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ sí kọ̀rọ̀."

Mo bọ́ sí kíṣìnì.

"Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ún? Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Òkè ni wọ́n fẹ́ fi gùn."

"Òkè àdúrà wo?"

"Kì í ṣe òkè àdúrà, Màmá."

"Òkè kí wá ni? Ta ló ránṣẹ́ pè é níbẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. (Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé mò ń pe ọkọ mi ní "wọ́n". Bí Màmá bá wà lórí fóònù, "wọ́n" ni. Bí wọ́n bá ti pa á báyìí, ó di "ìwọ, gbé igi rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà".) Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Màmá ti fi orúkọ ọmọ wọn sínú ìwé àdúrà àwọn ìyá ìjọ, láàárín àwọn tí eegun ń dùn.

Ọkọ̀ ojú irin máa ń gbéra láti Piccadilly ní Manchester, yóò sì dé abúlé Edale láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ rí pápá, odi òkúta, àgùntàn, ọtí tí wọ́n ń tà nínú ilé àtijọ́, àti òkè. Kinder Scout ga ní mítà 636, òun ló sì ga jù ní gbogbo Peak District. Ibì kan wà lọ́nà rẹ̀ tí wọ́n to òkúta sí bí àtẹ̀gùn, Jacob's Ladder ni wọ́n ń pè é. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n mo mọ ìtàn Jékọ́bù dáadáa. Ojú oorun ló ti rí àkàbà náà. Àwọn áńgẹ́lì ló ń gùn ún, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Jékọ́bù fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ síbi tó wà. Ọkùnrin náà gbọ́n.

Ìkíni ló yà mí lẹ́nu jù lórí òkè náà. Ní àdúgbò wa ní Manchester, obìnrin kan wà tó ń gbé òdìkejì ògiri wa. Mo mọ orin tó fẹ́ràn, mo mọ àsìkò tó ń wẹ̀, mo mọ ìgbà tí òun àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ jà àti ìgbà tí wọ́n parí ìjà, ṣùgbọ́n mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Tí a bá pàdé lẹ́nu ilẹ̀kùn, fóònù ló máa ń tẹjú mọ́. Àwọn èèyàn kan náà yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n dé orí òkè, gbogbo wọn á di ọmọlúàbí. Ẹni tó ń bọ̀ á kí yín, ẹni tó ń lọ á kí yín, ajá á fò mọ́ yín, ẹni tó ni ajá á tọrọ àforíjì lórúkọ ajá. Wọ́n á kí yín kú atẹ́gùn, wọ́n á kí yín kú ẹrẹ̀, wọ́n á fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé ó kù díẹ̀. Irọ́ ni, kò kù díẹ̀. Wọ́n tún máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹni tó ń gòkè lè kọjá. Inú ọkọ mi dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá dá wọn lóhùn: "Ẹ kú ìrìn o! Ẹ kú orí ire!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n juwọ́. Bàbá kan tí yóò ti lé ní àádọ́rin ọdún kọjá lára wa nígbà tó ń gòkè, ó kí wa. Ó tún kọjá lára wa nígbà tó ń bọ̀, ó tún kí wa. A kò tíì kúrò lójú kan náà.

Àwọn àgùntàn ibẹ̀ ní tiwọn kì í kí èèyàn. Kò sí ẹni tó so wọ́n, kò sí ọmọ tó ń dà wọ́n. Ọ̀dà ni wọ́n fi sàmì sí wọn lẹ́yìn, kí olúkúlùkù lè mọ tirẹ̀. Mo dúró wo àgbò kan tí ìwo rẹ̀ ká roboto. Mo ti ń ṣírò iye tí wọ́n máa dá lé e ní ọjà ẹran ní Ìbàdàn tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ mi ní kí n yéé wo ẹran ẹlẹ́ran bẹ́ẹ̀, pé ojú àgbò náà kò balẹ̀ mọ́.

Orí òkè náà, níbi tí a jókòó sí tí a ń fọwọ́ ra orúnkún, ni ó ti sọ ìtàn ibẹ̀ fún mi. Àwọn ọlọ́lá ló ni ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ń yìnbọn pa ẹyẹ ṣeré, wọn kò sì fẹ́ kí tálákà tẹ ibẹ̀. Ní 24 oṣù Kẹrin 1932, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester àti àyíká rẹ̀, tí wọ́n tó 400, kó ara wọn jọ, wọ́n gun òkè náà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benny Rothman wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ náà kò wọn lójú, ìjà bẹ́, adájọ́ sì ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Nígbà tó fi máa di 1951, Peak District ti di ọgbà orílẹ̀-èdè, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi ronú. Ẹni tó lo gbogbo ọ̀sẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, nínú èéfín, ló fẹ̀wọ̀n rà á kí òun lè rìn lọ́jọ́ ìsinmi. Mo bá yọwọ́ lọ́rọ̀ àwọn tó ń gun òkè lásán. Wọ́n ní ìdí tiwọn. Òwú sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Manchester ń ran láyé ìgbà kan, díẹ̀ nínú òwú náà sì ti ọ̀dọ̀ wa wá: ní àwọn ọdún 1850, oníṣòwò Manchester kan tó ń jẹ́ Thomas Clegg ń gba òwú láti Abẹ́òkúta, àwọn míṣọ́nnárì CMS ló ń bá a ṣe ètò rẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé, ó dáa náà, òwú ti jápa ṣáájú wa.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò yẹ kó gùn, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Àwọn òyìnbó ní ṣúgà líle kan tí wọ́n fi mínítì sí, Kendal Mint Cake, tí wọ́n kà sí oúnjẹ àwọn akọni. Wọ́n gbé e lọ sórí Everest ní 1953, Hillary àti Tenzing sì jẹ ẹ́ níbẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá ti fọ eyín tán lówùúrọ̀, tó wá gbé kóró ṣúgà sẹ́nu, ti jẹ Kendal Mint Cake. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé ṣé àwọn èèyàn wọ̀nyí kò gbọ́ nípa gààrí ni? Gààrí fúyẹ́, kì í bàjẹ́, kò nílò iná, omi nìkan ló ń fẹ́, omi Kinder sì tutù ju ti fìríìjì lọ (ti inú ìgò wa ni mò ń wí o, ẹ má bu ti odò, àgùntàn ń tọ̀ síbẹ̀). A bu gààrí Ìjẹ̀bú, a da ẹ̀pà sí i, a fi ẹja díndín tì í. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tó jókòó nítòsí ń jẹ búrẹ́dì tó ti rọ̀ nínú ọ̀rá. Wọ́n wò wá. Wọ́n tún wò wá. Ọkọ mi bu díẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á, mo júwe ọ̀dọ̀ ìyá oníṣọ́ọ̀bù wa fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè máa rò pé tọkọtaya tó wà lókè òkun, tí wọn kò tíì bímọ, ń wo ojú ara wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni. Iṣẹ́ alẹ́ ni èmi ń ṣe, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Iṣẹ́ ọ̀sán ni tirẹ̀. Bí mo ṣe ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ni òun ń so okùn bàtà. Bẹ́ẹ̀dì wa kì í tutù, ẹnì kan ń dìde, ẹnì kan ń wọlé sí i. Ara fìríìjì ni a ti ń ṣe ìgbéyàwó wa, lórí àwọn bébà kékeré aláwọ̀ ìyeyè: Ẹja wà nísàlẹ̀. Bíìlì gáàsì ti dé, má tan híítà. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ìwọ ni ìdọ̀tí kàn. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí á wà lórí bébà kan ṣoṣo.

Ní ilé bàbá mi ní Ìbàdàn, ta ló ń gbé inú ilé? Oorun àti òjò nìkan ló ń lé èèyàn wọlé. Ìta ni a ti ń ṣa ẹ̀fọ́, ìta ni a ti ń fọṣọ, ìta ni a ti ń dirun, ìta ni àwọn bàbá ti ń ta ayò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí tọkọtaya bá ń jà, ẹni tó kọ́kọ́ pariwo kò tíì sọ gbólóhùn kejì tán tí ìyá alágbàálá yóò fi ti wọlé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é." Kí ọ̀rọ̀ tó di ọ̀la, àgbà mẹ́ta ti gbọ́ ọ, wọ́n ti dá ẹjọ́, wọ́n ti jẹ obì. Níbí, a ti fèrèsé nítorí òtútù, a ti ilẹ̀kùn nítorí olè, a dákẹ́ nítorí ará ilé kejì. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí fìríìjì ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó di Sátidé kí a tó fojú kan ara wa débi tí a ó parí rẹ̀. Mo ti kọ "O ṣé o" sára bébà rí, tó jẹ́ pé èébú ni mo fi bú u.

Orí òkè nìkan ni a ti ń rí ara wa. Kò sí fìríìjì níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò wọlé, ọ̀gá ẹnikẹ́ni kò lè pè wá láti wá dípò ẹni tó ń ṣàìsàn. Ìgò omi kan, máàpù kan. Ọ̀rọ̀ owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé, èyí tí a ti ń sá fún láti ìgbà Kérésìmesì, òkè Kinder ni a ti yanjú rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú kan wà lókè pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní peat, ó rí bí ilẹ̀ gidi, kì í ṣe ilẹ̀ gidi. Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́, ó sì wọlé dé orúnkún. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo ní kó kọ́kọ́ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó iléèwé àbúrò mi. Kò sí àdéhùn tí a ṣe kíá bíi ti ọjọ́ yẹn láti ìgbà tí a ti fẹ́ra.

Èrò tèmi ni pé àwọn òyìnbó ti ìta mọ́ra wọn lẹ́yìn, wọ́n wá ń ta ìta náà padà fúnra wọn, wọ́n sì ń ta á fún àwa náà. Atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ tí bàbá mi ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, owó ọkọ̀ ojú irin ti èèyàn méjì ni èmi fi ń jẹ ẹ́, mi ò tíì ka ti ìbọ̀sẹ̀.

Ìtajà náà tún wá burú sí i lọ́jọ́ tí ọkọ mi ní ká lọ sun àgọ́. Mo kọ̀. Mo ní àwọn òbí mi làkàkà kí n lè sùn lábẹ́ òrùlé tí kò jò. Ó bẹ̀ mí, ó ní adágún yóò wà, ìràwọ̀ yóò wà. Borrowdale ló mú, ní Lake District. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé abúlé kan wà níbẹ̀, Seathwaite, tí wọ́n kà sí ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù nínú gbogbo ibi tí èèyàn ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún máa ń lé ní 3,000 mìlímítà. Èkó, pẹ̀lú gbogbo àgbàrá rẹ̀ àti ọkọ̀ tó ń léfòó, kì í sábà tó 2,000. Ibẹ̀ ni ọkọ mi sanwó sí kí a lè lọ sùn níta. Ó tún sanwó ṣáájú.

Ìràwọ̀ kò sí. Omi ń rọ̀ sórí aṣọ àgọ́ láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí. Nínú àpò ìsùn tí wọ́n fi síípù tì dé ọrùn, ẹ ò lè yí, ẹ ò lè họra, ẹ ò sì lè bínú dáadáa, nítorí ẹni tí ẹ fẹ́ bínú sí wà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí imú yín. Nígbà tí ìtọ̀ gbọ̀n mí, mo de iná mọ́ iwájú orí, mo ń kọjá láàárín pápá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìyá mi àgbà nìkan ni mò ń rántí, tí wọ́n jà fitafita kí àwọn ọmọ wọn lè kọ́ ṣáláńgá sínú ilé kí wọ́n má bàa jáde lóru mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo àwọn ará àgọ́ yọrí síta tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ń dín ẹyin, wọ́n ń kí ara wọn pé òjò ti fúyẹ́. Ọkùnrin àgọ́ ẹ̀gbẹ́ wa bi ọkọ mi bóyá ó sùn dáadáa. Omi wà létí ọkọ mi. Ó ní oorun náà dùn.

Ó ti tún ń wo Scotland báyìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn kì í kàn pàgọ́ síbi tó bá wù ú, ní ọ̀pọ̀ ibi ó gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Scotland ṣe òfin kan ní 2003 tó fún èèyàn láàyè láti rìn, kó sì pàgọ́ sórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọn, bí kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ní kòkòrò tíntìntín kan níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń jẹ èèyàn ju ẹ̀fọn lọ. Mo ti fún ẹ̀fọn ilẹ̀ wa ní ẹ̀jẹ̀ tó tó. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìran mìíràn.

Màmá kò yé béèrè pé bí a bá sọnù ńkọ́. A ṣàlàyé pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí òkè, 999 la ó pè, a ó béèrè ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà Mountain Rescue. Àwọn ará àdúgbò ni wọ́n, wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn. Wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á jáde ní òru, nínú yìnyín, wọ́n á wá èèyàn rí, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀. Mo rò pé Màmá máa jiyàn. Wọ́n mi orí. "Àwọn ọdẹ ni wọ́n nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí, nítorí nílé pẹ̀lú, bí èèyàn bá sọnù sínú igbó, àwọn ọdẹ ló máa ń tan iná wọ̀ ọ́.

Nígbà tí a lọ sílé, ọkọ mi ní òun fẹ́ gun òkè Ìdànrè, kí àwa méjì lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́. Àwa méjì, ní Iléṣà! Màmá gbọ́, wọ́n ní àwọn kò dé Ìdànrè rí. Àǹtí gbọ́ lẹ́nu Màmá. Àwọn ọmọ Àǹtí gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, bọ́ọ̀sì ti kún, kúlà ráìsì wà lẹ́yìn, kúlà omi wà lábẹ́ ìjókòó, ẹnì kan gbé ìkòkò ẹ̀fọ́ lé ẹsẹ̀, wọ́n sì ti ń jà lórí àwọ̀ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ ya fọ́tò. Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600, wọ́n ṣe ibi ìsinmi sí i lójú ọ̀nà. Ní ibi ìsinmi àkọ́kọ́, a gbàdúrà. Ní ìkejì, a jẹun. Ní ìkẹta, Àǹtí tó wọ bàtà gogoro ní ibi tí òun bá Ọlọ́run dé nìyẹn, kí a máa gbé fọ́tò bọ̀.

Ọkọ mi wọ gbogbo ìhámọ́ra rẹ̀: bàtà, ìbọ̀sẹ̀, ṣòkòtò onísíípù, ọ̀pá méjèèjì. Ó ń laagùn bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ọmọbìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá, sílípáàsì rọ́bà lẹ́sẹ̀, abọ́ lórí, gòkè kọjá lára rẹ̀. Ó rí ọ̀pá, ó rọra kúnlẹ̀ díẹ̀. "Bàbá, ẹ rọra o."

Màmá dé òkè ṣáájú wa. Wọ́n ti fi ìró wọn nu ojú, wọ́n ti wo ààfin àtijọ́ tán, wọ́n ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n wo ọ̀pá, wọ́n wo ọmọ wọn.

"Ṣé ibi tí ẹ ń gùn lọ́hùn-ún ga tó báyìí?"

"Nígbà mìíràn, Màmá."

"Kí lẹ wá máa ń ṣe bí ẹ bá débẹ̀?"

"À ń sọ̀rọ̀ ni."

"Ẹ̀yin méjèèjì? Ṣé kò sí àyè nínú ilé yín ni?"

"Kò sí, Màmá," ni ọkọ mi wí.

Màmá kò bi wá ní ìbéèrè kankan mọ́ lórí òkè láti ọjọ́ náà, wọ́n sì ní àwọn ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àdúrà àwọn tí eegun ń dùn. Wọ́n ti gbé e sí abẹ́ àwọn tó ń wá ọmọ, wọ́n ní orí òkè náà dára fún ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tọkọtaya tí iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ alẹ́ ti yà nípá ní Manchester tàbí Sheffield, ọkọ̀ ojú irin kan náà ló ń ti ìlú méjèèjì dé Edale. Ẹ wá Sátidé kan tí ó bá ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì mu. Bàtà ni kí ẹ náwó lé, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀. Ẹ di gààrí dání, kó pọ̀, nítorí wọ́n máa tọrọ. Ẹ wo bójú ọjọ́ ṣe máa rí kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà fún ẹnì kan. Bí ọkọ yín bá sì dárúkọ Borrowdale, ẹ béèrè hòtẹ́ẹ̀lì.